Ẹ̀yin ará Jos, ẹ bá wa wá Ọ̀run Mooru jáde: lẹ́tà ṣíṣí sí Nigerian Film Corporation

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Nigerian Film Corporation, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kó fíìmù pa mọ́ sí níbẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú òtútù Jos. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí, mi ò wá tọrọ iṣẹ́, mi ò wá tọrọ kọ́ńtíráàtì. Ọ̀rọ̀ Baba Sala ló gbé mi wá. Àwa kan tá a fẹ́ràn bàbá yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í to fíìmù ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, èwo ló gba ipò kìíní, èwo ló tẹ̀ lé e, èwo ni ká tì sí ẹ̀yìn pátápátá, bọ́rọ̀ ṣe diyàn nìyẹn, iyàn di ariwo, ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú lọ sílé. Ìgbà tí ara wá rọlẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé nínú gbogbo wa tá à ń na ìka síra wa yìí, kò sẹ́ni tó tíì fojú kan Ọ̀run Mooru bí wọ́n ṣe yà á gan-an. Ayédèrú la wò. Èyí tí wọ́n dọ́ọ̀bù látinú èyí tí wọ́n ti dọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa fún nǹkan tí ò rí ní ipò?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tí bàbá náà jẹ́, torí ó ṣeé ṣe káwọn ọmọ tuntun wà lọ́fíìsì yín tí wọn ò bá a lórí tẹlifíṣọ̀n. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, 1936 ni wọ́n bí i, October 7, 2018 ló sì fi ayé sílẹ̀. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Òun ló ni ẹgbẹ́ háíláìfù kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, abẹ́ ẹ̀ ni King Sunny Adé ti ta gìtá kí Sunny tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì lè fìyẹn pa àwọn tó máa ń sọ pé Baba Sala ò mọ̀ ju ká ṣe jágbajàgba lọ lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn náà ló dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn wá gbé e wọ yàrá oníkálukú, ó di pé tí àsìkò ẹ̀ bá tó, ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò á kún dé ojú fèrèsé.

Ìmúra ẹ̀ nìkan, ẹ̀rín ni. Aago tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ló so mọ́ ọrùn ọwọ́. Táì abìyẹ́ tó fi sọ́rùn fẹ̀ débi pé ìwọ̀n ẹ̀ ò jọ ti ọrùn ẹnikẹ́ni, férémù awò ojú ẹ̀ tóbi ju ojú lọ, ṣòkòtò wá gba èèyàn méjì. Tí wọ́n bá wá bi í pé aago mélòó ló lù, kò ní kàn bojú wo ọwọ́ bí gbogbo èèyàn, á gbé apá yẹn sókè bí ẹni gbé àpò gàrí, á wò ó síbí, á wò ó sọ́hùn-ún, á ṣojú kókó bí ọ̀gá báńkì, kò tíì sọ gbólóhùn kan o, gbogbo ilé ti ń yí mọ́lẹ̀. Nínú eré, ahun ni, ojú ẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, ó sì dá a lójú pé òun gbọ́n ju gbogbo ayé lọ, ọgbọ́n yẹn náà ló sì máa ń kó o sí gbèsè àti ìtìjú. Èmi máa ń rò ó pé ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé nílé Yorùbá, ta ló tó rẹ́rìn-ín àgbàlagbà lójú ẹ̀? Wọ́n á fi ìgbátí dá ọ lóhùn. Baba Sala ló gbé ara ẹ̀ kalẹ̀ pé ó yá, ẹ fi mí ṣẹ̀sín, àgbà ni mí o, ẹ̀yin ọmọdé ẹ rẹ́rìn-ín. A sì rẹ́rìn-ín, àtàwa àtàwọn bàbá wa tí wọ́n mọ̀ lọ́kàn ara wọn pé àwọn gan-an ni Baba Sala ń bá wí.

Ó yá, ipò. Bí mo ṣe tò ó nìyí, ẹni tínú ẹ̀ ò bá dùn sí i kó kọ tiẹ̀.

Ọ̀run Mooru ni kìíní, kò sí méjì ẹ̀. Ọdún 1982. Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, ọkùnrin tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Paris, tó ti ṣe Àjàní Ògún lọ́dún 1976, tó tún bá Hubert Ògúndé ṣe Aiyé lọ́dún 1979. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí fíìmù yìí yàtọ̀. Àwọn òṣèré wa ayé ìgbà yẹn, orí ìtàgé ni wọ́n ti wá, tí wọ́n bá dé iwájú kámẹ́rà wọ́n á ṣì máa pariwo bíi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán ò ní gbọ́. Nínú Ọ̀run Mooru, àwọn ibì kan wà tí Baba Sala kàn jókòó, tí ò ṣe nǹkan kan, tí ojú ẹ̀ kàn ń ṣiṣẹ́. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó jókòó. Aláwàdà kì í dédé dákẹ́ fúnra ẹ̀.

Lámídì lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Ó lówó rí, owó ti lọ. Àwọn gbájúẹ̀ wá tàn án pé àwọn máa fi owó kún dírọ́ọ̀mù fún un, ó kó ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ìgbà tó máa ṣí dírọ́ọ̀mù, kò sówó, kò sí nǹkan tó jọ owó. Ló bá bẹ́ sómi. Ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, Ikú ní àsìkò ẹ ò tíì tó, máa padà lọ síbi tó o ti wá. Ẹ wo ìyà! Ẹni tí ayé lé dànù, ọ̀run náà tún lé e. A ń rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún tí fíìmù yẹn jáde, 1982, ọdún yẹn gan-an ni owó epo ti ń já wálẹ̀ tí ìjọba Shagari ṣòfin pé ká fún ìgbànú mọ́ra, tí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ austerity dédé di ohun tí ìyá aláta ń pè lọ́jà láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n ra mọ́tò lọ́dún mẹ́rin ṣáájú ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló sanwó wọlé wá wo ọkùnrin tó lówó rí tó wá fẹ́ kí dírọ́ọ̀mù pọ owó fún òun. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kì í ṣe ẹ̀rín kékeré, ẹni tó mọ ibi tó ń dun òun ló máa ń rín in.

Ẹ wá wo ẹ̀dà tí mo ní. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni ẹnì kan dà sórí CD, ẹlòmíì dà á sórí fóònù, ibẹ̀ ló gbà dé ọwọ́ mi. Àwọ̀ ẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ewé pọ́n, aṣọ pọ́n, omi náà pọ́n. Ìlà funfun kan ń gbọ̀n nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú fíìmù fẹ̀ ju ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ọjọ́un lọ, ẹni tó dà á kọ kàn gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sọnù ni, ó wá di pé ẹni méjì ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan à ń wò ó tán, èkejì imú ẹ̀ nìkan ló yọ. Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀. Tí Lámídì bá wá dé ọ̀run, ibi tó yẹ kójú wa là pé ọ̀run rèé, ṣókùnkùn báyìí la bá, ohùn la fi ń dá Ikú mọ̀. Ìyẹn ni mo fi ṣe kìíní o. Ìlàjì fíìmù ni mo wò tí mo fi ṣe kìíní.

Mosebọ́látán ti 1985 ni mo fi ṣe ìkejì, Ààrẹ Àgbáyé ti 1983 ni ìkẹta. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní mo gbé e sódì, pé Ààrẹ Àgbáyé ló yẹ kó ṣíwájú. Mi ò ní bá a jà, torí ẹ̀dà àwọn méjèèjì tó wà lọ́wọ́ wa burú ju ti Ọ̀run Mooru lọ, kò sì sí bí afọ́jú méjì ṣe fẹ́ jiyàn àwọ̀.

Àwọn fídíò ló kẹ́yìn: Àgbà Man ti 1992, Return Match ti 1993, Àna Gómìnà ti 1996. Mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n á ti fẹ́ sọ mí lókùúta nìyí, torí àwọn tí wọ́n bí ní ẹ̀yìn 1980, ọ̀dọ̀ Àgbà Man ni wọ́n ti mọ Baba Sala, òun ni wọ́n wò nílé ìyá àgbà. Ó pani lẹ́rìn-ín, mi ò sọ pé kò pani lẹ́rìn-ín, ẹnu bàbá yẹn ò kú rí títí tó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn apá ò ká fíìmù gidi mọ́. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé lọ́dún 1986, ti ba náírà jẹ́, dọ́là ni wọ́n fi ń ra téèpù fíìmù tí wọn ò tíì ya nǹkan kan sí, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ọkọ̀ òfurufú nìkan á pa olóòtú. Làwọn onítíátà wa bá gba ọ̀nà fídíò, látìgbà tí fíìmù fídíò Ṣóṣó Méjì ti ṣí ọ̀nà yẹn lọ́dún 1988 ni kálukú ti ń wọ́ tẹ̀ lé e. Kámẹ́rà dúró sójú kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó tán. Ẹni tó ti gbé Ikú dójú àwo sinimá rí ló wá ń ṣeré ní pálọ̀ oníṣọ́fà. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn.

Àwọn kan á ní kí n ka Aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, pé ibẹ̀ gan-an ló ti dùn jù. Òótọ́ ni. Ká ní èyí tó dùn jù ní gbogbo ayé ẹ̀ là ń wá ni, mi ò ní mú fíìmù kankan rárá, tẹlifíṣọ̀n ni màá mú, pẹ̀lú eré orí ìtàgé tí ẹnikẹ́ni ò yà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, wọ́n máa ń pa téèpù rẹ́ kí wọ́n lè lò ó fún nǹkan míì, ohun tó bá sì ti bá ìyẹn lọ ti lọ nìyẹn. Fíìmù nìkan ló ṣì ní ìrètí. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín dípò kí n kọ ọ́ sí Ìbàdàn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìdí tó fi jẹ́ ayédèrú nìkan ló kù. Ayé ìgbà yẹn, ẹni tó ni fíìmù ló ń gbé e kiri fúnra ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n á fi ránṣẹ́ sí sinimá káàkiri kówó máa wọlé o, rárá, àwọn fúnra wọn ló máa di pírójẹ́tọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ àti àpótí rìl sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á ṣe National Theatre ní Ìgànmú, wọ́n á ṣe Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá, wọ́n á wá máa gba ìlú dé ìlú, gbọ̀ngán ìlú, gbọ̀ngán ilé ìwé, ibi tí wọ́n bá ti lè ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Àsìkò Kérésì, Àjíǹde, Iléyá, ìgbà náà ni wọ́n ń jẹun. Ẹ̀dà fíìmù ò pọ̀ lọ́wọ́, ìlú kan lẹ́ẹ̀kan ni, ó lè gba ọdún gbọọrọ kówó tí wọ́n ná tó padà. Gbogbo ẹ̀ dúró lórí nǹkan kan ṣoṣo: pé kò síbòmíì tẹ́ ẹ ti lè wò ó. Ọjọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì bá ti dé ilé ìyáfídíò ní Òṣogbo kí Baba Sala tó dé Òṣogbo, ó parí. Ta ló fẹ́ sanwó wọ gbọ̀ngán, kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó, wo ohun tí aládùúgbò ẹ̀ ní nílé?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Mooru gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bàbá yẹn ti yáwó sórí ẹ̀, àwọn olè sì tú ayédèrú sígboro, gbèsè wọlé tọ̀ ọ́, kò sì bọ́ nínú ẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ́ gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ táwọn èèyàn máa ń sọ pé ìdájọ́ wà lọ́run, pé fíìmù ẹ̀ náà ti sọ bó ṣe móoru tó, ìyẹn ò bá mi lára mu, torí òun ni gbèsè bá láyé, kì í ṣe àwọn olè yẹn.

Ibi tó wá ta kókó nìyí o: kásẹ́ẹ̀tì àwọn olè yẹn náà ló wà lọ́wọ́ wa lónìí. Òun náà ló wà lórí CD tí mo ní. Àwọn tó ba bàbá jẹ́ ló tún bá wa tọ́jú ohun tí wọ́n jí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní dúpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ò le. Ẹ kọ́kọ́ wọ àká yín, kẹ́ ẹ wo orúkọ ara àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì gbé ìwé jáde fún gbogbo ayé pé fíìmù Yorùbá tó wà lọ́dọ̀ wa rèé, látorí àwọn ti 1976 wá sí ìsàlẹ̀, èyí tó pé, èyí tó ku rìl kan, èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù mí lọ pé fíìmù ayé ọjọ́un tó bá ti ń jẹrà máa ń run fínígà, àwọ̀ á pọ́n, á wá máa ká jọ, rìl tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á sì kó o. Kò dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì. Òtútù Jos yẹn ń bá yín ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ká ní Èkó ni wọ́n kó o sí pẹ̀lú ooru yìí, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán.

Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, torí ẹ ti ṣe é rí. Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu yà lọ́dún 1976, gbogbo ayé ti gbà pé ó ti sọnù, ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2016, ẹ̀yin àtàwọn Arsenal, ilé àkójọ fíìmù kan ní Berlin, ẹ tún un ṣe, nígbà tó fi máa di 2018 wọ́n ti ń fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin. Mi ò gbọ́ Hausa kọjá sannu, inú mi dùn bí ẹni pé fíìmù tiwa ni. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣe ìyẹn náà ni mo ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ gbà ṣe èyí.

Tí ò bá sí nínú àká yín, ẹ kọ lẹ́tà sókè òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà yẹn, nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù ìpilẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà, kì í sì í sábà bá ẹni tó ni ín padà wálé, ibẹ̀ ló máa ń wà. Tí èmi bá kọ̀wé sí wọn, inú pàǹtírí ni wọ́n máa jù ú sí, ti ìjọba tó ní òǹtẹ̀ lórí, wọ́n á kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ lọ bá ẹbí. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, owó tó bá wọlé ẹ fún wọn ní tiwọn. Wọ́n ti jí fíìmù yìí lẹ́ẹ̀kan, kó má lọ jẹ́ pé ìjọba ló máa jí i lẹ́ẹ̀kejì.

Tẹ́ ẹ bá sì ń tún un ṣe, ẹ má bá a ki orin tuntun bọ̀ ọ́. Ẹ má gé ibi tó fà, ibi tó fà yẹn náà ni àwàdà wà, torí ìlàjì àwàdà Baba Sala wà nínú bó ṣe ń pẹ́ kó tó dáhùn. Ẹ fi èdè òyìnbó sísàlẹ̀, ẹ fi Hausa náà sí i kí ẹni tó wà ní Kano lè gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú ni kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún o, kì í ṣe ẹ̀rọ. Tó bá wá délẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ Iléṣà, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí àwọn sinimá ńláńlá Èkó tí gúgúrú ibẹ̀ wọ́n ju tíkẹ́ẹ̀tì. Gbọ̀ngán ìlú, aṣọ funfun, jẹnẹrétọ̀, bí bàbá ṣe ń ṣe é. Èmi máa san tèmi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò fẹ́ ọ̀fẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì wá a, tẹ́ ẹ rí i pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ jáde. Torí ìgbà náà ló máa tó kan àwa, àwa tá a ní kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti nínú àpótí ìyá wa, ká kó gbogbo ẹ̀ jọ, ká mú èyí tí ìlà funfun ẹ̀ kéré jù, ká mú ohùn látinú ọ̀kan, ká mú àwòrán látinú èkejì, ká ní kí wọ́n tò ó pọ̀. Ti ọwọ́ mi wà nílẹ̀. Ẹ kàn sọ ibi tí kí n gbé e wá.

Èmi ni,
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó fẹ́ràn Baba Sala